Ibi Tí A Ti Ń Yí Padà

A ti kọjá ilé ìtọ̀ funfun náà dáadáa kí Kànmí tó fi ìgúnpá gbún mi.

Mo fojú tọ́ka sí iwájú. Ẹ̀gbọ́n Ọládiméjì ń rìn lọ níwájú wa, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò kóòtù, ó dojú kọ atẹ́gùn. Òkun ń pariwo lápá ọ̀tún. Kò sí ẹlòmíràn létí òkun Rockaway láàárọ̀ yẹn àfi obìnrin kan àti ajá rẹ̀.

Látìgbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ la máa ń lọ rìn ní Sátidé nígbà òtútù, tí àwọn tó ń wá lúwẹ̀ẹ́ bá ti lọ tán. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà là ń lọ ní Laurelton. Ẹ̀gbọ́n ló dàgbà jù, nítorí náà òun ló ń ṣáájú, òun náà ló ń yí padà. Bó bá dé ilé ìtọ̀ funfun tó wà lápá òsì, á wọlé, á jáde, á ní, "Ó tó." Kànmí á bu ògì gbígbóná látinú fíláàsì sínú ife mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kó yí padà. A kì í sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó jù wá lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, kò wọlé. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.

A rìn títí etí mi fi kú fún òtútù. Kànmí, tó kéré jù nínú wa, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ Èkó là ń lọ, ẹ jẹ́ kí n padà lọ mú pásípọ́ọ̀tù."

Ẹ̀gbọ́n dúró. "A ò tíì dé ibẹ̀ ni."

"Ibo?"

"Ilé ìtọ̀."

Kànmí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"A ti kọjá ẹ̀ tipẹ́," mo ní.

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú."

Ó yí gbogbo ara padà kó tó lè wo ẹ̀yìn. "Ojú òsì ni," ó ní. "Ó ti ń ṣe bàìbàì látìgbà ìkórè, ó ti wá lọ tán báyìí."

"Kí ni dókítà wí?" mo bi í.

"Kò ní padà."

"Ṣé Christina mọ̀?" Kànmí bèèrè.

Christina ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Maryland ló ń gbé. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti fẹ́ mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kúrò nílé rẹ̀.

"Tó bá mọ̀, ṣé mo ṣì máa wà níbí?"

"Ẹ̀yin lẹ wa mọ́tò gbé wa wá láàárọ̀ yìí," Kànmí wí.

"Mo sì gbé yín dé."

"Ọmọdé máa ń gba apá òsì sọdá, Ẹ̀gbọ́n," mo ní.

A yí padà. Bí a ṣe ń bọ̀, ilé ìtọ̀ náà bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ó rí i láti òkèèrè.

"Òun nìyẹn," ó ní.

A jókòó. Ògì ti ń tutù. Ó mu tirẹ̀ tán, ó na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí mi.

"Ìwọ ni kó o wà á. Kànmí máa ń wa mọ́tò bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ?" Kànmí wí.

"Ìyẹn náà ni mo ń wí."

Nínú mọ́tò, Kànmí mú fóònù jáde. Ẹ̀gbọ́n ní kó gbé e sílẹ̀, òun fúnra òun lòun máa pe ọmọ òun. Ó pè é. Ó sọ ti ojú náà, kò fi nǹkan kan bò. "Daddy, mò ń bọ̀," Christina wí.

Ó wá mú un lọ kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti Kànmí ṣì ń lọ rìn. Èmi ni mò ń ṣáájú báyìí. Bí mo bá dé ilé ìtọ̀ funfun, mo máa ń yí padà, ì báà má tíì rẹ̀ mí. Ife mẹ́ta ló ṣì wà nínú àpò fíláàsì.