Ìrẹsì Tí Omi Ẹ̀wà Kò Kàn

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì iléèwé ní ìlú Turrialba, mo sì rò pé kò sí ọmọ tí oúnjẹ ń bá jà tí n kò ní dá mọ̀. Lọ́dún yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ wọlé fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun lóṣù kejì, wọ́n fi nǹkan tuntun kún iṣẹ́ wa: yàtọ̀ sí wíwọn ọmọ, kí òbí dáhùn ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń jẹun. Ṣé ó máa ń ṣa oúnjẹ jẹ? Ṣé ẹ̀rù máa ń bà á láti jẹun?

Ìwé Marielos, ìyá Yendry, kò gbà mí lákòókò rárá. "Rárá" ló kọ sí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Yendry. Ó tín-ín-rín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò burú. Mo fi ìwé rẹ̀ sáàárín ti àwọn tí ara wọn le, mo pe ẹlòmíràn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá Eulalia tó ń dáná fún àwọn ọmọ iléèwé náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ohun tí mo rí lára Yendry. Mo ní kò sí nǹkan kan.

"Ọmọ mi, òṣùwọ̀n lo wò," ó ní. "Èmi, àwo ni mo máa ń wò. Láti oṣù kẹfà èṣí, ọmọ yẹn ò fẹnu kan ẹ̀wà, kò jẹ ẹran. Ìrẹsì tí omi ẹ̀wà ò kàn nìkan ló ń jẹ, hóró kan lẹ́yìn òmíràn."

Ojú tì mí. Mo ránṣẹ́ pe Marielos, ó sì wá láti oko kọfí tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ó kọ́kọ́ jiyàn. Lẹ́yìn náà, ó ní ìyá ọkọ òun sọ pé òun ló kẹ́ ọmọ bà jẹ́, pé bí ebi bá pa á dáadáa, yóò jẹ. Wọ́n dán an wò fún odidi ọjọ́ méjì. Ọmọ náà kò jẹ. Ó kàn ń sùn ni.

"Bí mo bá kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' síbẹ̀," ó ní, "ẹ ó ní mi ò fún ọmọ mi lóúnjẹ. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo fi í lọ́kàn balẹ̀, mo sì pe Yendry. N kò bi í pé kí ló dé tí kì í jẹun. Mo ní kó sọ ohun tó rò pé ẹ̀wà yóò ṣe tó bá gbé e mì.

Ó fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀. "Kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ibí ló máa dúró sí."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà yẹn ló rántí ọjọ́ ìbí ọmọ ìbátan wọn kan lóṣù kẹfà èṣí. Ẹran há Yendry lọ́fun títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Àbúrò bàbá rẹ̀ gbá a lẹ́yìn, ẹran fò jáde, wọ́n sì gé kéèkì.

"A rẹ́rìn-ín," Marielos wí. "Èmi gan-an rẹ́rìn-ín."

Mo kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn dókítà tó mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú Cartago. Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó kàn wọ́n. Kí ó tó dìgbà náà, Ìyá Eulalia ń bu ẹ̀wà Yendry sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ ẹ́. Mo lọ bá ìyá ọkọ Marielos nílé. Ó ní láyé tàwọn, kò sí irú ọmọ báyẹn. Mo ní ẹni tí odò bá ti gbé rí, a kì í tì í sómi ká lè kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Kò gbà fún mi, ṣùgbọ́n ó ṣíwọ́ ìbáwí nídìí oúnjẹ, ìyẹn náà sì tó mi.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, Yendry ti ń jẹ ẹ̀wà tí wọ́n bá gún kúnná. Ẹran ṣì ń bà á lẹ́rù, àwọn dókítà kò sì dá ọjọ́ kankan fún wa tí yóò borí rẹ̀. Ìgbà tí mo rí wọn kẹ́yìn, ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni. Ọmọ náà di ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mú, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń rún un pẹ́. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ òpópónà bí àwọn dókítà ṣe kọ́ ọ pé kó má ṣe máa ṣọ́ ọmọ lẹ́nu, kò sì yíjú wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.