Ilé Tí Wọ́n Ka Ìyá Mọ́

Ọ̀sán gangan ni akọ̀wé ìjọba wọ ilé Àbẹ̀fẹ́ ní abà Olókùúta, ògiri ló sì kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ètò owó ìrànwọ́ ló bá wá, èyí tí ìjọba ń fún àwọn tálákà lóṣooṣù. Kò bi Àbẹ̀fẹ́ ní nǹkan kan. Ẹrù inú ilé ló ń bi.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń gbé ọ kaná lóòjọ́?" ló bi ìkòkò.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni ìkòkò wí. "Àmọ́ wọ́n fi mí se ẹran nígbà iléyá."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Àbẹ̀fẹ́ wo ìkòkò tìkà-tẹ̀gbin. Ta ló bi í léèrè ẹran?

"Ìdajì ni tiyín, Màmá," ni akọ̀wé wí. "Oko lẹ wà, ilẹ̀ ń bọ́ yín. Àwọn ará ìgboro ló ń gba odindi, torí omi pàápàá, rírà ni wọ́n ń rà á."

Àbẹ̀fẹ́ ní kó bi ilẹ̀ náà wò. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó bi í. Ilẹ̀ ní láti oṣù mẹ́ta lòun kò ti fojú kan òjò. Akọ̀wé ní ìwé òun kò láyè ìyẹn.

Àbẹ̀fẹ́ ṣílẹ̀kùn yàrá kó lọ mú ìborùn, ló bá bá ara rẹ̀ ní Ìbàdàn, nínú yàrá kan ṣoṣo tí Tinúadé àbúrò rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́rin. Yàrá náà ti ní fèrèsé mẹ́sàn-án. Oṣù tí owó bá ti wọlé, fèrèsé kan á là sára ògiri. Àbẹ̀fẹ́ fi ìlara kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárín yàrá, ìyá wọn tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Wọ́n ti kà mí mọ́ ilé yìí," ni ìyá wí, láìgbójú sókè.

Tinúadé kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní àfi ká pé méje ká tó lè gba owó. Ẹni mẹ́fà péré ni wá. Ni mo bá lọ bẹ ìyá wa."

Àbẹ̀fẹ́ kò rántí owó mọ́. Owú ló gbà á láyà.

"Ìyá, èmi ni mo ń wẹ̀ yín, èmi ni mo ń fún yín lóúnjẹ títí ẹ fi kú. Ẹ̀yìnkùlé mi lẹ sùn sí. Láti ìgbà náà, ẹ ò yà sọ́dọ̀ mi rí."

"Tinú ní kí n wá," ni ìyá wí. "Ìwọ ò pè mí."

Àbẹ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó fi gèlè dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Igbe Tinúadé ń tẹ̀lé wọn, lójijì ó dákẹ́. Àbẹ̀fẹ́ rìn kọjá ìgboro, ó rìn kọjá oko ẹ̀gẹ́. Ìyá ń fúyẹ́ sí i. Nígbà tó yá, itọ́ gbígbóná kán sí i léjìká. Ó yí ọrùn wò. Tinúadé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ìlẹ̀kẹ̀ wà nídìí rẹ̀, ó ń sùn fọnfọn.

Ìbínú Àbẹ̀fẹ́ kò tíì rọ̀. Ó dúró sójú ọ̀nà. Kò sí ilé kankan níwájú, kò sì sí lẹ́yìn. Ó tú gèlè náà, ó tún un so, ó sì fà á le kí ọmọ náà má baà jábọ́.