Ibi Tí Ohùn Rosalind Wà

"Ẹ ṣáà máa la ẹnu, mà. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa kọrin. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Kendra, tó ń ṣètò ayẹyẹ náà ní Anaheim, sọ ọ́ bí ẹni ń rọ ọmọdé pé kó gbé oògùn mì.

Rosalind Pruett wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ ẹ̀wù ọmọge tó wọ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Òun ló kọ orin ọmọ ọba tó di àgbọ̀nrín nínú fíìmù àwòrán ọmọdé kan nígbà tó wà lọ́mọge. Tilé-toko ló mọ orin náà, gbogbo wọn ló sì máa ń dúró de òpin rẹ̀, níbi tí ohùn ti ń fò lọ sókè bí ẹyẹ. Ó ti pẹ́ tí ẹyẹ ọ̀hún ti bà.

"Gus, bó ṣe wà gan-an ni kó o tẹ̀ ẹ́ o. Èmi ni màá kọ ọ́," Rosalind ní.

Gus Amador, atẹdùùrù rẹ̀ láti ìgbà èwe, mi orí. "Níbi tá a ti ṣeré ní Fresno lọ́jọ́sí, ìwọ lo pariwo ní òpin orin, èmi ni wọ́n ń wò bíi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ẹ. Jẹ́ ká fa ohùn orin náà wálẹ̀."

"Kí wọ́n lè sọ pé mo ti darúgbó?"

"Roz, gbogbo wọn ló ní kàlẹ́ńdà nílé."

Kendra bú sẹ́rìn-ín. Rosalind ò rẹ́rìn-ín.

Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń dán rẹ́kọ́ọ̀dù náà wò. Ohùn ọmọge kan, ohùn Rosalind fúnra rẹ̀ nígbà yẹn, ń bẹ òṣùpá pé kó dá olólùfẹ́ òun padà. Rosalind, tó ti sin ọkọ, tẹ́tí sí i.

"Ọmọ yẹn mọ orin í kọ," ó ní, "àmọ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Kendra, pa á. Gus, fà á wálẹ̀."

"Díẹ̀?"

"Fà á wá síbi tí mo wà."

Nígbà tí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀, tó kọrin dé òpin, ohùn rẹ̀ kò fò lọ sókè. Ó rọra bẹ òṣùpá, bí ẹni tó mọ̀ pé kò ní dáhùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò dìde, ariwo sọ, àwọn bàbá onírùngbọ̀n ń nu ojú.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Gus ní, "Wọ́n ń pè ẹ́."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí wọ́n tún pè mí díẹ̀ sí i."

Ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán jáde padà sí wọn.