Sọ́fítíwià Kan fún Ṣọ́ọ̀bù Kan

Kí ọwọ́ Ọ̀gá Rédíò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sí ampilifáyà tí kò lè tò. Nígbà tí irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó ẹ̀yà rédíò pọ̀ wá di ohun tí kò lè dì mú mọ́, kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó gbójú lé: á máa to sákíìtì síbẹ̀, á dán an wò, ẹlòmíì á wá jó o pọ̀. Ó ṣáà fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sọ́fítíwià méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ rẹwà, máòsì lèèyàn fi ń wọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀, iná á sì tàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìkejì ò fani mọ́ra rárá. Èèyàn á tẹ orúkọ ẹ̀yà àti ibi tó so mọ́, òun náà á fi nọ́ńbà dáhùn. Bí ìka Ọ̀gá bá ṣìnà, á pa á rẹ́, á tún un tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìkejì ló mú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé.

Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ní òun ò fẹ́ ẹ. Ó ní ohun tí wọ́n bá ṣe nínú ọ̀kan, èkejì ò lè ṣí i, ṣọ́ọ̀bù kan ò sì lè máa lo méjì. Ó ní àwọn oníbàárà fẹ́ rí iná tó ń tàn. Nínú gbogbo àlàyé yìí, kò dárúkọ ọwọ́ rárá. Ọ̀dájú ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ọ̀gá tan kọ̀ǹpútà, kò rí ìkejì mọ́. Àbúrò ti yọ ọ́ kúrò, ampilifáyà tí Ọ̀gá ti tẹ̀ dé ìdajì sì bá a lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì mí," àbúrò wí. "Ohun tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ ṣáà sọ ọ́. Èmi á yà á."

Ọ̀gá jókòó. Ó ní kó fi ẹ̀yà kan síhìn-ín, àbúrò fi í sọ́hùn-ún, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Nígbà tí oníbàárà kan kanlẹ̀kùn, tí àbúrò jáde lọ bá a, ẹ̀gbọ́n di máòsì mú. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ló fẹ́ dá padà. Ọwọ́ gbọ̀n, ó wọ́ ọ kọjá àyè rẹ̀, ìdajì àwòrán náà sì tú.

Àbúrò wọlé, ó rí i. Kò bínú rárá, ìyẹn ló dun Ọ̀gá dọ́kàn jù. Ó rọra gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwòrán náà tò.

"Ta ni oníbàárà yẹn ń wá?" Ọ̀gá bi í.

"Ó ní ọ̀gá ibí lòun fẹ́ rí." Àbúrò ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Mo ti ní èmi ni."