Ta Ni Yóò Wá Bí Ọkọ̀ Bá Takú Lọ́nà Kétu?

Ọdún méjìdínlógójì ni Bàrúwà fi tún ọkọ̀ ṣe ní Ayétòrò. Bí ọkọ̀ bá takú lọ́nà Ìlaró tàbí lọ́nà Ẹ̀gùá, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, á sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, á lọ. Kò sígbà kan tó pe ẹnikẹ́ni pé kó wá bá òun tún tòun ṣe. Àmọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, jáàkì yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà san, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò padà. Ó lè fi di ife mú, ó lè fi wa ọkọ̀, kò kàn lè fi tú nọ́ọ̀tì tó bá ti le mọ́ ni. Ó fa ṣọ́ọ̀bù lé àwọn tó kọ́ níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì jókòó sílé láìbá ẹnikẹ́ni ṣàròyé.

Nígbà tó yá, Asiyah ọmọ rẹ̀, tó wà nílé ọkọ ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ìbejì. Mẹ̀dínátù, ìyá rẹ̀, ní láti máa lọ bá a wẹ ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàrúwà ní Kòrólà òun lòun á máa fi gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò kọ̀, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

"Bàbá Asiyah, ọkọ̀ yín dára. Àmọ́ ọkọ̀ ni. Bó bá takú sáàárín igbó, mi ò ní jókòó sétí títì kí n máa wò yín bẹ́ ẹ ti ń fi ọwọ́ kan jìjàkadì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń wá gbé èèyàn bí ọkọ̀ bá bà jẹ́ lọ́nà."

Ọ̀rọ̀ náà ta Bàrúwà lára díẹ̀. Àmọ́ nígbà tó sùn lé e, tó jí, ó rí i pé kò sẹ́ni tó lè jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn bí òun ní gbogbo Yewa. Ta ló mọ ohun tó yẹ kéèyàn bi ẹni tó fẹ́ wá gbé ọkọ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó ti ń lọ gbé ọkọ̀ láti ìgbà èwe?

Ìlaró ló kọ́kọ́ lọ, sí ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì kan. Ọmọbìnrin tó bá níbẹ̀ ń jẹ́ Purity. Ó fún un ní àga, ó sì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ tí wọ́n ya ọkọ̀ ìfàkọ̀ tuntun sára rẹ̀.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti gba eléyìí, ibikíbi tí ọkọ̀ yín bá dúró sí, a máa wá."

"Ibikíbi?"

"Ibikíbi, sà."

"Ó dáa. Mo ti kọjá bọ́dà ní Ìlárá, mo ti rìn tó kìlómítà méjìlá lọ́nà Kétu, ọkọ̀ wá takú. Ta ló ń bọ̀? Kí lorúkọ rẹ̀?"

Purity ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti wẹ́ bí ẹyin èèrà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Nàìjíríà nìkan ló wà fún. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá bọ́dà, kò kàn wá mọ́."

"O ṣeun tó ò parọ́."

Ọmọbìnrin náà wá ṣàlàyé pé káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Búráún Káàdì, èyí tí ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn aládùúgbò wa gbọ́dọ̀ ní. Bí Bàrúwà bá fi ọkọ̀ gbá ẹnì kan lọ́hùn-ún, káàdì náà á gbẹnu sọ fún un. "Àmọ́ tí ọkọ̀ bá kàn dákẹ́ fúnra rẹ̀, kò ní bá yín fà á." Bàrúwà gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó pọn dandan, àti nítorí pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èyí tó kù, ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba Ẹ̀gùá lọ sọ́dọ̀ Oyèwọlé. Ọkọ̀ ìfàkọ̀ kan ni Oyèwọlé ní, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì làwọn oníbàárà rẹ̀ ń sanwó fún un. Bí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn bá takú níhìn-ín, òun fúnra rẹ̀ á lọ. Bó bá jẹ́ lọ́hùn-ún, ẹnìkejì rẹ̀, Akínladé, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, á lọ.

Bàrúwà kò tíì bèèrè iye. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló lọ, ó fa okùn irin rẹ̀ jáde, ó sì ń fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

"Oyèwọlé, wá wo ibí."

Fọ́nrán mẹ́ta ti já lára okùn náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń fà. Ó fa bọ́ọ̀sì kan lánàá."

"Á máa fà títí di ọjọ́ tí kò ní fà mọ́. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ta ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀?"

Oyèwọlé rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orí, ó ní òun á ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

"Ó dáa. Bá mi pe ẹnìkejì rẹ."

Akínladé kọ́kọ́ fi Faransé dáhùn, ó ní "Àlò, wí?" Nígbà tó gbọ́ ohùn àgbàlagbà, ó bọ́ sí Yorùbá àwọn ará Kétu, ó sì kí i dáadáa.

"Akínladé, ká ní ẹnì kan pè ọ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì òun ti gbóná kọjá ààlà, èéfín ń rú, kó o máa bọ̀. Kí lo máa kọ́kọ́ sọ?"

"Pé kó má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ o. Kó jókòó síbi tí òòji wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó máa bi í níbi tó wà."

Bàrúwà mi orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún kò rí i. Ó ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ní ìbéèrè yẹn rí, ibi tí ọkọ̀ wà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

"Bí o bá ní láti gbé ọkọ̀ náà padà sí Ayétòrò ńkọ́?"

"Ọkọ̀ tèmi ò níwèé Nàìjíríà, ti Oyèwọlé náà ò níwèé ibí. Mo máa gbé e dé ẹnu bọ́dà, Oyèwọlé á sì gbà á lọ́wọ́ mi níbẹ̀."

"Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé."

Wọ́n kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàrúwà padà lọ, ó fojú ara rẹ̀ rí okùn tuntun kó tó fọwọ́ síwèé. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó ti rí wọn.

"Mo ti rí wọn," ló wí. "Bó bá wu ọkọ̀, kó takú lọ́la."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọkọ̀ tó takú. Àárọ̀ ni. Wọ́n ti kọjá bọ́dà, oko igi tíìkì wà lápá ọ̀tún wọn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó sì dákẹ́. Bàrúwà jẹ́ kí ọkọ̀ yí lọ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́tí sílẹ̀, kò gbọ́ ìkùn tó yẹ kó gbọ́ lẹ́yìn.

"Pọ́ǹpù epo ni," ló wí. Ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ àga, níbi tí àpótí irinṣẹ́ wà.

Mẹ̀dínátù gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà ló ń wò. Bàrúwà mọ ìwò yẹn, ogójì ọdún ló ti mọ̀ ọ́n. Ó fa ọwọ́ padà, ó mú fóònù tí ọkọ Asiyah ra síìmù Bẹ̀nẹ̀ sí fún un, ó sì pe Akínladé.

Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí ọkùnrin náà fi dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàrúwà lórí eruku, ó kí Mẹ̀dínátù kú ìjókòó.

"Pọ́ǹpù epo ni," Bàrúwà sọ fún un.

"Ó lè jẹ́ òun, Bàbá. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó mú irinṣẹ́ kan tó ní gílóòbù kékeré lórí, ó sì ń fi í tọ́ wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàrúwà jókòó sábẹ́ igi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún jókòó. Ìgbà tó ṣe, Akínladé pè é pé kó wá wò ó.

Ó ti ṣí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ àga ẹ̀yìn. Wáyà kan wà níbẹ̀ tí eku ti fi eyín gé di méjì.

"Pọ́ǹpù yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Iná ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Bàrúwà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ká ní òun ni, òun ì bá ti sọ táǹkì kalẹ̀, òun ì bá ti lọ ra pọ́ǹpù mìíràn, ọjọ́ méjì ì bá sì ti lọ sí i. Ó dúró kí ìtìjú dé, ìtìjú kò dé. Inú rẹ̀ dùn ni. Òun kò ṣèèṣì bá ọkùnrin yìí pàdé. Òun ló wá a, òun ló bi í léèrè, òun ló yàn án.

"Fi bó o ṣe rí i hàn mí," ló wí.

Akínladé fún un ní irinṣẹ́ náà. Bàrúwà fi kan wáyà tó pé, gílóòbù tàn. Ó fi kan èyí tó já, kò tàn. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dá a padà.

Akínladé so wáyà pọ̀, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Mẹ̀dínátù bu òjòjò fún un nínú èyí tó dín bọ̀ láti ilé, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró. Nígbà tí Bàrúwà na owó sí i, ó kọ̀ ọ́.

"Ẹ ti san án fún Oyèwọlé, Bàbá. Ẹ bá mi kí Asiyah tí Màmá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Oòrùn kò tíì yẹ̀ lórí nígbà tí wọ́n wọ Kétu. Asiyah wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lápá.

"Màmá, kí ló dá yín dúró?"

Mẹ̀dínátù ti la ẹnu, àmọ́ Bàrúwà gbé ọwọ́ sókè.

"Jẹ́ n sọ ọ́," ló wí, ó sì fa àga kan mọ́ra. "Èmi ni mo yan àwọn èèyàn náà."

Ọ̀rọ̀ eku ló fi bẹ̀rẹ̀.