Òpó Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Òkun ń jẹ etíkun wọn díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń ti etí jẹ búrẹ́dì. Ará àdúgbò ti pariwo títí ohùn fi há, kí olùwádìí kan tó ti yunifásítì dé. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, bàtà rẹ̀ ga dé orúnkún, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Iyanrìn. Ó ri òpó kan mọ́lẹ̀ níwájú ilé kọ̀ọ̀kan tó wà létí omi, ó sì fa ìlà pupa sí wọn lára. Ó ní kí onílé máa ka ìlà tó bá yọ lókè iyanrìn ní gbogbo Sátidé, kó sì wá kọ ọ́ sójú pátákó gbọ̀ngàn àdúgbò. Bí ìlà bá ń yọ sí i, iyanrìn ló ń lọ. Ibi tí iyanrìn bá ti ń lọ jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi igi sọgbà sí, láti dá a dúró, nítorí igi tó wà nílẹ̀ kò lè tó ju ojú kan lọ lọ́dún yẹn.

Onígbàjámọ̀ wà ní ìpàdé tí wọ́n ti ṣàlàyé gbogbo èyí o. Ṣùgbọ́n orí àwọn tó jókòó níwájú ló ń wò, ó ń wá ẹni tí irun rẹ̀ ti tó gé. Bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló sún mọ́ omi jù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ọ, yàrá wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì ní ibòmíràn láyé.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, òpó rẹ̀ ló gbẹ̀yìn, ìlà tirẹ̀ ló yọ jù. Káfíńtà, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń ṣeré láti kékeré, dúró síwájú pátákó, ó ń mi orí.

"Ọ̀rẹ́ mi, o fìdí rẹmi o! Èmi ni mo gba ipò kìíní."

"Ìdánwò wo la ṣe?"

"Ìdánwò iyanrìn ni. Kò yà mí lẹ́nu, ṣebí bó o ṣe ń ṣe nílé ìwé náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọ egungun. Ẹ wá wo bí àgbàlagbà ṣe ń di ọmọdé! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi gbé garawa. Ó bu iyanrìn, ó dà á sídìí òpó, ó fi ọkọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń gbọn irun lọ́rùn oníbàárà pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Níbo ló ti ń bu iyanrìn? Lábẹ́ fèrèsé yàrá ara rẹ̀ ni, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù. Ẹni bá rí àfọwọ́fà rí, kó wá sọ pé kì í ṣe èyí.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ̀ ń gbẹ́ níta?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ara ni mò ń nà."

Àràárọ̀ ló ń ṣe é, kò sì pẹ́ tó fi gba ipò kìíní. Ọjọ́ tí káfíńtà wá gé irun, onígbàjámọ̀ fọwọ́ gbá a ní àtàrí. "Orí ẹni tó gba ipò kejì," ló wí, "ó máa ń rọ̀."

Ìgbà tó yá, Ìyá Iyanrìn pe gbogbo wọn sí gbọ̀ngàn.

"Iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló yà wá lẹ́nu jù," ló wí. "Gbogbo ibi tó kù ń lọ, ibẹ̀ nìkan ló ń pọ̀ sí i. Ẹ kú oríire, sà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ dìde, ó tẹrí ba fún wọn lọ́tùn-ún lósì.

"Nítorí náà, ọgbà igi ò ní kàn yín. Ọ̀dọ̀ káfíńtà la ti máa bẹ̀rẹ̀. A ti já igi síwájú ilé rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ rọra jókòó. "Ọgbà wo?" ló bi ìyàwó rẹ̀ létí.

"Ọgbà tí ì bá gba ilé wa là ni. Ẹ ẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́sí ni? Ẹ̀ ń tẹrí ba, ògiri yàrá wa ti sán láti àárọ̀. Òkun ti wọ abẹ́ fèrèsé wa."

Onígbàjámọ̀ nìkan ló mọ òkun tó wọ ibẹ̀.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ni Ìyá Iyanrìn ń wí. "Ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ, kó sọ ọ́ báyìí."

Ó dìde. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni, sà?"

"Èmi ni òkun."

Ó jẹ́wọ́ tán porogodo: garawa, ọkọ́, búrọ́ọ̀ṣì. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ̀ bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyá Iyanrìn gbé dọ́sítà, ó nu gbogbo èsì onígbàjámọ̀ kúrò lójú pátákó.

"Ẹ kó iyanrìn yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti bù ú. Lọ́la, a máa tún un kà."

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́ wá bá a ṣe é. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi kó iyanrìn náà tán nídìí òpó. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń ka ìlà sókè bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ìlà pupa ti tán, igi funfun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló kù tó ń yọ. Ó fọwọ́ kan òpó náà, òpó sì mì.

"Mo tún gbẹ̀yìn," ló wí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba onígbàjámọ̀ gan-an.

Káfíńtà ju ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ síwájú ilé ara rẹ̀, ó sì fa ọ̀kan jáde nínú àwọn igi tí wọ́n já síbẹ̀. Ó wọ́ ọ lórí iyanrìn bọ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

"Kí lò ń wò?" ló wí. "Gbé apá kejì."