Aṣokùnfà

Orúkọ Sọ̀fíyàt ló wà lórí ìwé kẹta. Òun náà ló wà lórí ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹkúndayọ̀ rọra ń ṣí àwọn ìwé náà níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣí aṣọ kúrò lójú òkú. Nígbà tó dé ìdí wọn, kò rí orúkọ mìíràn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èéfín yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike ní ilé iṣẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ojú irin Agége. Sọ̀fíyàt pa ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ní kí àwọn obìnrin tó kù jáde. Wọ́n jáde. Iná kò jó. Ṣùgbọ́n ike dì mọ́ inú ẹ̀rọ, iṣẹ́ dúró fún odindi ọjọ́ kan, máníjà sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ó kọ ìbéèrè kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí Ẹkúndayọ̀ yí i sí Yorùbá kí oníkálukú lè kọ orúkọ ẹnì kan sí i, nítorí pé kí Ẹkúndayọ̀ tó máa tọ́jú ilé ẹrù, ó ti ṣe tíṣà rí ní iléèwé ìjọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, “instigator”, ló dá a dúró. “Adárúgúdùsílẹ̀” ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n èébú ni, kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èébú sí àwọn obìnrin náà. “Arunisókè” ń kọ́? Ó le jù. Ó wá kọ ọ́ báyìí: Ta ni aṣokùnfà bí ẹ ṣe jáde? Ó rò pé ọ̀rọ̀ tútù ni. Ó rò pé àánú lòun ń ṣe.

Rachael, tó dàgbà jù nínú wọn, yọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹrù.

“Bàbá, ẹ ti kà á? Ṣé bí a ṣe kọ ọ́ dáa?”

“Gbogbo yín lẹ kọ Sọ̀fíyàt.”

“Ta ni ká tún kọ? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a bá ń dúpẹ́, a máa ń ní Olúwa ni aṣokùnfà. A mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yẹ́ ẹ sí ni. Mo ti sọ fún un pé tí wọ́n bá fún un ní àpò ìrẹsì, kó má gbàgbé arúgbó tó fi ọwọ́ tó dáa kọ orúkọ ẹ̀.” Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Rachael, wọ́n fẹ́ lé e ni.”

Obìnrin náà jókòó sórí àpò ike.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn, Bàbá.”

Sọ̀fíyàt ń fi ọ̀bẹ gé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà tí Ẹkúndayọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Wọn ò parọ́,” ló wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n jáde.”

“Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn ẹ.”

“Àwọn ni mo rò nígbà tí mo rí èéfín yẹn. Bàbá, ṣé ó yẹ kí n dúró ni?”

Lọ́dún tó kọjá, ní ilé iṣẹ́ mìíràn lápá Ìkẹjà, èéfín yọ níbi tí Túnmiṣe, ọmọ Ẹkúndayọ̀ kan ṣoṣo, ti ń di bisikíìtì. Ẹni mẹ́rin ni kò jáde, Túnmiṣe sì wà nínú wọn. Àwọn tó yè sọ fún un níbi ìsìnkú pé gbogbo àwọn ló rí èéfín náà. Oníkálukú ń wo ojú ẹnì kejì.

Nínú ọ́fíìsì, Johnson, máníjà wọn, na bírò sí Ẹkúndayọ̀ kó tó jókòó.

“Ẹ kàn buwọ́ lu èyí, Bàbá, pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ àti èyí tí ẹ kọ, ìkan náà ni. Láìsí ìyẹn, lọ́yà ò ní gba àwọn ìwé yìí.”

“Wọn kì í ṣe ìkan náà, sà. Ẹ̀yin ń béèrè ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀. Èmi bi wọ́n léèrè ẹni tó mú wọn jáde.”

“Orúkọ kan náà kọ́ ló jáde?”

“Ọ̀rọ̀ mi ló ṣì wọ́n lọ́nà. Mi ò lè buwọ́ lù ú.”

Johnson tẹjú mọ́ ọn. “Ẹ mọ̀ pé tí ẹ ò bá buwọ́ lù ú, ẹ̀yin lẹ máa lọ.”

“Mo mọ̀.” Ó mọ̀ lóòótọ́. Ta ni yóò gba ẹni ọgọ́ta ọdún síṣẹ́?

“Ọdún mẹ́jọ lẹ ti wà níbí, ẹ ò janu rí. Èyí kì í ṣe ìwà yín. Ta ló wà nídìí ẹ̀? Ta ló ń tì yín?”

Ẹkúndayọ̀ la ẹnu láti sọ pé kò sí ẹnì kankan. Irọ́ ni yóò jẹ́.

“Ẹnì kan wà, sà,” ló wí. “Kì í ṣe ẹni tí ẹ lè lé.”

Ó gbé bírò náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Láti ọjọ́ ìsìnkú títí di ìṣẹ́jú yẹn ló ti ń rò pé aṣọ inú àpótí nìkan ni Túnmiṣe fi sílẹ̀ fún òun.